Iṣu Ìṣákọ́lẹ̀ Nínú Basement

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àgbàlagbà lórí àtẹ̀gùn basement, iṣu ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe iṣu tí wọ́n ti sè o. Iṣu tútù ni, tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ní Calgary, nínú oṣù tí snow bo gbogbo ilẹ̀, tí èèyàn lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìfi ojú kan erùpẹ̀, òórùn yẹn lè mú omi jáde lójú ẹni tó bá ń rántí ilé. Tèmi ò dé ojú. Ẹnu ló ti mú omi jáde, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ni. Ẹni tó bá wà ní Calgary nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ilé gogoro tó wà ní downtown bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo ní àjà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pe èèyàn sí yàrá ìpàdé láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, olúwarẹ̀ ti gbé páálí ẹrù rẹ̀ dání, ó ń dúró de train. Iṣẹ́ tèmi ni kíka ìwé àdéhùn ilẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ epo bá fẹ́ gbẹ́ kànga sórí oko àgbẹ̀ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ bá àgbẹ̀ náà tọwọ́ bọ̀wé, èmi ni mo sì máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n tó sọ fún ọ̀gá mi ohun tó wà níbẹ̀. Mo gbà nígbà náà pé kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ ìwé àdéhùn kà tó mi ní gbogbo Alberta. Mo máa ń wọ táì lọ sí ọjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún èmi náà ní páálí, mi ò rí nǹkan kan kó sínú rẹ̀ ju ife tíì kan àti bàtà tí mo fi ń rìn nínú ọ́fíìsì lọ.

Ará ìlú wa kan ló gbà mí sílé. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, nítorí wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Lọ́jọ́ tí mo dárúkọ bàbá mi fún wọn, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé inú wọn dùn láti rí ará ilé ni. Wọ́n ní ilé ní Taradale, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan, ọ̀rọ̀ epo ò kan tiwọn. Nígbà tí mi ò lè dúró mọ́ níbi tí mo háyà ní Penbrooke, wọ́n ní kí n kó wá sínú basement àwọn. A jọ ṣe àdéhùn, a ò kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni màá máa kó snow kúrò lójú ọ̀nà, èmi ni màá máa gbé garbage jáde, màá sì máa fi ọkọ̀ gbé ọmọ wọn obìnrin lọ sílé ìwé láàárọ̀, títí iṣẹ́ á fi dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ṣọ́bìrì lọ́wọ́, mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ wo èmi ọmọ ilé wa tó wá di ẹni tó ń kó snow fún èèyàn.

Ilé wa kì í ṣe ilé kékeré nílùú. A ní oko tó pọ̀, a sì ní àwọn èèyàn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún bàbá mi lọ́dọọdún. Iṣu ni wọ́n fi ń san án. Mo rántí àwọn tó ń gbé e wá dáadáa, tàbí kí n sọ òótọ́, iṣu náà ni mo rántí dáadáa. Bàbá kan àti ìyàwó wọn ni. Tí iṣu tuntun bá ti jáde, wọ́n á ti oko wọlé ní kùtùkùtù, agbọ̀n lórí tọkọtaya. Bàbá á dọ̀bálẹ̀ ní ìloro wa, ìyàwó á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ gba iṣu oko yín.” Bàbá mi á gbé ọwọ́ lé èyí tó tóbi jù nínú iṣu náà, wọ́n á dáhùn pé, “Ilẹ̀ ò ní lé yín. Ẹ máa ṣe é lọ.” Ó tán nìyẹn. Àwọn oníṣu ò ní jókòó, wọn ò ní mu omi. Ṣùgbọ́n bàbá oníṣu máa ń mú iṣu kékeré kan tó rí róbótó wá lọ́tọ̀ fún mi, wọ́n á fi í sí mi lọ́wọ́, wọ́n á pè mí ní ọmọ olóko. Inú mi máa ń dùn ṣìnkìn. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ fi ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bímọ, ìyá Ẹ̀gbọ́n sì wá láti ilé láti wá wẹ ọmọ. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wà ní hospital lọ́dọ̀ ìyàwó wọn lọ́jọ́ tí Màmá dé, èmi ni mo lọ gbé wọn ní airport. Nínú ọkọ̀, wọ́n bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí nílùú. Mo dárúkọ ilé wa, mo fi ohùn ńlá dárúkọ rẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. A dé Taradale. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn, wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú snow. Mo rò pé ilẹ̀ ló yọ̀ wọ́n. Mo fa apá wọn, mo ní, “Màmá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ibí yìí burú.” Wọ́n ní, “Ẹ ṣé o, ọmọ olóko.” Ọ̀rọ̀ yẹn ta sí mi létí, àmọ́ ẹrù wọn wúwo, òtútù sì ń mú mi, mi ò dúró tì í.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Àárọ̀ ni. Mo jókòó ti tábìlì, mò ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, oúnjẹ tí mo sì jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta ò ju núdùlù lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi. Màmá wọlé, wọ́n gbé agbọ̀n rọ́bà tí wọ́n fi ń kó aṣọ fífọ̀ dání. Iṣu ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, lára iṣu tí Ẹ̀gbọ́n rà fún ìyá ìkókó ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Falconridge. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ gba iṣu oko yín.”

Ohùn náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú. Ìyá oníṣu ni. Gbogbo ìgbà èwe mi ni wọ́n fi ń wọ ilé wa lọ́dọọdún, mi ò sì wo ojú wọn rí. Iṣu ni mò ń wò.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí n ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.” Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa mọ ìyẹn láìronú. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn. Oṣù mẹ́fà ni mo ti fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn tí kò dá mi lóhùn, ẹnì kan ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi báyìí tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Òórùn iṣu náà sì ti gba gbogbo yàrá. Mo gbé ọwọ́ lé èyí tó tóbi jù, mo ki ohùn bàbá mi bọ ẹnu, mo ní, “Ilẹ̀ ò ní lé yín. Ẹ máa ṣe é lọ.” Ṣòkòtò tí mo fi ń sùn ló ṣì wà nídìí mi nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Mi ò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n wà nínú yàrá ìfọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n jáde, aṣọ ìkókó lọ́wọ́ wọn. Ó hàn lójú wọn pé wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ìyá wọn dìde, wọ́n gbé agbọ̀n iṣu náà, wọ́n ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sókè.” Wọn ò wo ibi tí mo wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mò ń kó snow lójú ọ̀nà nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jáde wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì kejì. A jọ ń kó o fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹrú ni bàbá bàbá bàbá mi. Nílé yín.”

Nílùú wa, èèyàn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ará oko là ń pè wọ́n, tàbí ọmọ ilé, a ó sì yára sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ìjọba òyìnbó ní kí wọ́n tú gbogbo ẹrú sílẹ̀, àwọn tó nílé padà sílé. Ogun ti pa ilé bàbá ńlá àwọn rẹ́, kò síbi tí wọ́n máa padà sí. Bàbá ńlá tèmi wá bá wọn ṣe àdéhùn. Kí wọ́n máa dá oko tó wà lódìkejì odò. Kí wọ́n máa wá ṣiṣẹ́ lóko olóko lọ́jọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa gbé iṣu wá nígbà iṣu tuntun. Wọn ò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì síbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ sin òkú síbẹ̀, nítorí ibi tí èèyàn bá sin bàbá rẹ̀ sí, tirẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ iṣu ò dáwọ́ dúró.

“Bàbá mi wà ní hospital nílé,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Wọn ò ní pẹ́ lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ, pé ká sin àwọn síwájú abà tí wọ́n bí àwọn sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní rárá. O ò bá bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.”

Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mọ̀ mí láti ọjọ́ tí a pàdé?”

“Mo mọ̀ ọ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ gbà mí sílé?”

Wọ́n fi ara ti ṣọ́bìrì. “Ó wù mí kí ọmọ olóko gbé lábẹ́ òrùlé mi, kí n má sì fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.” Wọ́n tún kó snow díẹ̀. “Kò rọrùn o. Láàárọ̀ yìí, kò rọrùn rárá.”

Ojú tì mí débi pé mo kó snow ojú ọ̀nà aládùúgbò wa mọ́ ọn. Mo pe bàbá mi lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan, wọn kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, “Ìwé wà. Kà á fúnra rẹ, ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn.” Wọ́n wá fi kún un pé, “Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ni ìpín tìrẹ? Ọ̀nà tuntun ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí Kánádà bá sú ọ, ibẹ̀ lo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ojú oórì lo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìn sí i?”

Ó yẹ kí n sọ pé mi ò ronú kan ilẹ̀. Irọ́ ni. Gbogbo àkókò òtútù yẹn, ilẹ̀ yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Mo ti ya àwòrán ilé adìẹ tí màá kọ́ síbẹ̀, mo yà á sẹ́yìn lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ kan fi sọ fún mi pé wọn ò nílò mi. Mo ti fi àyè kànga sí i. Bí mi ò bá ríṣẹ́, kò sí nǹkan mìíràn tó kù fún mi láyé.

Bàbá mi fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìwé àtijọ́ ni, ọwọ́ olùkọ́ ìjọ kan ló kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, ó lẹ́wà, ó gún régé. Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ ló wà níbẹ̀, oko, iṣẹ́ ọjọ́ méjì, iṣu, kòkó, òkú. Mo gòkè lọ bá Ẹ̀gbọ́n, mo fi ohùn ọ́fíìsì mi ṣàlàyé fún wọn pé ìwé náà dúró dáadáa, kò sí ibi tí èèyàn lè gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí. Màmá ń fi òróró para fún ìkókó lórí ẹsẹ̀ wọn. Bí mo bá rántí ohùn tí mo fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ fi orí pamọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ló kó mi láyà jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Mò ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé nígbà tó bi mí láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pé, “Uncle, why does Grandma kneel for you? You're not even old.” Mo ní kó wọ ibọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà délé, mo tún ṣí fọ́tò náà, bóyá kí n lè rí ohun tí màá sọ fún ọmọ náà. Ìgbà náà ni mo rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ìtẹ̀ka. Kò sí orúkọ ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ kún ojú ìwé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àdéhùn wo ni kò ní ìtẹ̀ka? Mo pe bàbá mi, mo ní, “Bàbá, kí ló wà lẹ́yìn ìwé yẹn?” Wọ́n ní, “Kò sí nǹkan kan.” Wọ́n dáhùn kíá, kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Mo bẹ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú wọn nílé. Ó dúró títí bàbá wa fi jáde lọ sí ìpàdé, ó ṣí àpótí, ó ya fọ́tò ẹ̀yìn ìwé náà, ó fi ránṣẹ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Ó ní nígbà tí ọkùnrin náà bá ti ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ náà tán, iṣu náà tán. Ilẹ̀ tó wà lódìkejì odò di tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé olóko má sì bi wọ́n léèrè nǹkan kan mọ́. Ìtẹ̀ka méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín. Ẹyọ ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, inú àpótí wa ló sì wà láti ọjọ́ náà. Àwọn tó ń gbé iṣu ò mọ̀wé nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn fi máa mọ̀wé, kò sẹ́ni tó rántí pé ìwé ní ẹ̀yìn, àyàfi ẹni tó ni àpótí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù mi. Mo ní kí n dúró ná kí bàbá mi ṣàlàyé. Mo ní fọ́tò ò tó, a gbọ́dọ̀ rí ìwé náà gan-an. Mo ní lọ́yà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò ó. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí ìdí tuntun, ìdí náà sì máa ń dára létí mi. Èmi tí mo mọ ìwé àdéhùn kà jù ní gbogbo Alberta. Mò ń kó snow, mò ń gbé garbage, mo sì ń wo àwòrán ilé adìẹ mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Màmá pè mí sí pálọ̀. Mo rí Bàbá oníṣu nínú fóònù wọn, lórí bẹ́ẹ̀dì hospital, wọ́n ti gbẹ. Wọ́n ní, “Ṣé ọmọ olóko nìyẹn? Tí mo máa ń fún ní iṣu róbótó?”

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ ti dàgbà.” Wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. “Ẹ bá mi bẹ bàbá yín. Mi ò fẹ́ gba ilẹ̀. Ibi tí màá sùn sí nìkan ni.”

Fóònù tèmi wà nínú àpò ṣòkòtò mi, ẹ̀yìn ìwé náà wà nínú rẹ̀. Ó kù kí n fà á yọ ni. Mo ní, “Mò ń bá wọn sọ ọ́ lọ́wọ́, sà.” Bàbá súre fún mi, wọ́n ní iṣẹ́ tí mò ń wá á dé.

Lọ́jọ́ kọkànlá, lọ́sàn-án, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú lókè. Mo gòkè. Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ìkókó sórí ẹsẹ̀ wọn, wọn ò sunkún. Ẹ̀gbọ́n dúró ti fèrèsé, ìyàwó wọn di apá wọn mú. Fóònù Màmá wà nílẹ̀. Ìròyìn ti dé pé Bàbá oníṣu ti lọ. Mo ṣí fóònù mi, mo gbé e lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà, wọ́n wá kà á sókè fún ìyá wọn.

Màmá ní, “Ìgbà wo ni ìwé yìí dé ọwọ́ yín?”

“Ọjọ́ kọkànlá rèé, mà.”

“Ṣáájú ọjọ́ tí Bàbá bá yín sọ̀rọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n wo ìkókó, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀ lọ. “Àlejò ni Bàbá pe ara wọn lórí ilẹ̀ wọn títí wọ́n fi kú,” wọ́n ní. Ohùn wọn ò le, wọn ò sì bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé páálí ọ́fíìsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró. Snow tún rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ kó o, mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe fún wọn. Ẹ̀gbọ́n àti Màmá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àbúrò mi ló gbé ìwé náà jáde nínú àpótí, tó kà á níwájú àwọn àgbà ìlú, tojú tẹ̀yìn. Wọ́n sin Bàbá síwájú abà tí wọ́n bí wọn sí. Bàbá tèmi ò lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bá èmi àti àbúrò mi sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n sì padà bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Bàbá mi ló fi hàn mí. Wọ́n ní kí n má yí i padà fún ẹnikẹ́ni.” Ó dùn mí fún wọn. Mo mọ bí ìwé kékeré ṣe lè wúwo lọ́wọ́ èèyàn.

Mi ò padà sídìí epo mọ́. Falconridge ni mò ń gbé báyìí, mo sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń wá béèrè ìrànlọ́wọ́. Wọ́n máa ń gbé ìwé basement tí wọ́n fẹ́ háyà wá bá mi, tàbí ìwé ibi iṣẹ́, kí n bá wọn kà á. Àwọn ọmọ kékeré tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n yí ìwé náà padà.

Màmá padà wá sí Taradale lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú Bàbá. Nígbà tí iṣu tuntun dé, mo ra èyí tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù Falconridge, mo gbé e lọ bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, mo ní, “Màmá, ẹ gba iṣu oko yín.” Wọ́n wò mí, wọ́n wo iṣu.

“Iṣu ṣọ́ọ̀bù nìyí,” wọ́n ní. “Oko tèmi kì í mú irú iṣu tó gbẹ báyìí jáde.” Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín lórí àga. “Mi ò sì ní gbé ọwọ́ lé iṣu ẹnikẹ́ni. Dìde, jàre, kí o lọ bẹ ẹ́. Má bẹ ẹ́ nípọn o, mo mọ bí ẹ̀yin ọkùnrin ṣe ń fi iṣu ṣòfò.”

Mo lọ bẹ ẹ́. A sè é, a gbé e wá sórí tábìlì, mo ka àwa tó jókòó, mo rí i pé abọ́ kékeré kan lé. Màmá fi ègé iṣu kan sínú rẹ̀, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo bi wọ́n pé ti ta ni. Wọ́n ní, “Ti Bàbá tí o dá lóhùn pé, ‘Mò ń bá wọn sọ ọ́ lọ́wọ́, sà,’ ni.”

Ọdọọdún ni abọ́ yẹn máa ń wà níbẹ̀. Màmá ti dárí jì mí, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì gbà pé òótọ́ ni, nítorí wọ́n máa ń rán mi níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé abọ́ náà kúrò, èmi náà ò sì retí kí wọ́n gbé e kúrò. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì máa ń jẹ tèmi.